Kí Ni Kí N Kí Ọ?

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń jí ṣáájú àkùkọ.
Aago márùn-ún kò tíì lù tán, mo ti kírun,
mo ti há àpò aláwọ mi sí abíyá,
èmi àti ìrì ti jọ dúró ní Wandó,
à ń retí takisí Kútọnú.
Ẹni mẹ́fà nínú ọkọ̀ ẹni mẹ́rin:
ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíì ni ìrọ̀rí mi títí a fi gun afárá.
Bàbá kan wà tí a jọ ń wọkọ̀, mo mọ híhanrun rẹ̀
ju bí mo ti mọ ohùn ọmọ mi lọ.
Mo lọ, kò tíì jí. Mo dé, ó ti sùn.
Bí mo bá fẹ́ mọ bó ti dàgbà tó,
sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni mo máa ń wọ̀n.

Wọ́n ti fún mi ní ìwé ìsinmi.
Ó kù sọ́wọ́ Ṣakírátù.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà, ìgbésẹ̀ méje sí ibùsùn.
Ọ̀gá rẹ̀ ló jìnnà. Ó wà ní Kánádà,
níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán
nígbà tí àwa ń ṣàlùwàlá mọ̀gàríbà l'Ájàṣẹ́.
Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá sọnù lọ́hùn-ún, yóò fi ìbínú tẹ̀ wọ́n láago,
ọmọ mi á fi Faransé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tù ú nínú.
Onítọ̀hún kò ní mọ̀ pé ẹ̀fọn ń jẹ ẹni tó ń bẹ òun.

Màmá Dòsú, tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò níwájú ilé wa, bi mí pé:
"Ọmọ tó ń sun ọ̀sán, kí ló ń fi òru ṣe?"
Mo ní: "Owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀."
Ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ kò dákẹ́.

Èmi náà ti wá ríṣẹ́ ṣe: mo di ọlọ́dẹ oorun.
Mo ń lé ewúrẹ́ kúrò lábẹ́ fèrèsé,
mo bẹ Kòkú káfíńtà kó gbé òòlù sílẹ̀ títí di aago mẹ́rin,
onísémì tó bá fọn fèrè alùpùpù, mo na ọ̀pá sí i.
Ìyàwó mi kì í gún nǹkan lódó mọ́ nílé;
ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn bá ń wọ inú ọ̀sà lọ
ló ń jáde, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó kúnlẹ̀:
"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Ṣé káàárọ̀ ni?
A ní kíkí fún onídìrí, ojú gbooro.
A ní fún akọ̀pẹ, igbà á rọ̀.
À ń kí ẹni tó jókòó, à ń kí ẹni tó dìde,
à ń kí ẹni tí òjò pa.
Ta ni yóò wá kọ́ mi bí a ti í kí
ẹni tí àárọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ẹlòmíì?
Mo kàn ń sọ pé, "Hẹn. Ṣé o sùn?"

Kò lọ síbi ìkómọ Mùfúliyátù ọ̀rẹ́ rẹ̀.
Ó ní òun yóò fi owó ránṣẹ́, ó sì fi ránṣẹ́.
Mùfúliyátù kò yà sílé wa mọ́.

Lóru ọjọ́ kan iná lọ. Mo gbọ́ igbe kékeré kan
bí ìgbà tí nǹkan já lé ènìyàn lẹ́sẹ̀.
Mo gbé àtùpà wọlé, mo bá a lójú fèrèsé,
ó na fóònù sókè bí ẹni ń ká ìbẹ́pẹ, ó ń wá nẹ́tíwọ̀kì.
"Wọn ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ wa ṣú, Bàbá."

Láti òru yẹn ni mo ti ń se kínkélíbà
ní aago kan, nígbà tó bá gba ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
A ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní,
"Kí lẹ tilẹ̀ ṣe ní Kútọnú fún ọgbọ̀n ọdún?"
Mo ní mo ń lu òǹtẹ̀ sórí ìwé.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Èmi náà, ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ láyé nìyí,
n kò mọ̀ pé kì í fẹ́ ṣúgà.

Nígbà tí ládánì bá ń pe àsùbá, mo ń wá bàtà mi,
òun ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo.
"Ó dàárọ̀, Bàbá."
Mo ṣílẹ̀kùn.
Ó ti dàárọ̀ lóòótọ́.